Bí a ṣe ń tún fítíìnì páìpù ìfapo ṣe lórí táńkì ọkọ̀ ojú omi

Ìgbà kan wà tí mo pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, mo tú kábúrétọ̀ fọ̀, mo ra pọ́ńpù epo tuntun, síbẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi mi ṣì ń kú mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín omi. Ohun tó rú mi lójú jù ni pé bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ epo kún táńkì, kì í ṣe nǹkan kan. Bí epo bá ti lọ sí ìdajì báyìí, wàhálà dé. Ìgbà tí mo náwó náwó tó sú mi ni mo tó ṣí ìdérí tó wà lókè táńkì, tí mo fa páìpù tó ń fa epo síta. Ó ti sán ní àárín. Ìsán náà kò fẹ̀ ju irun orí lọ. Bí epo bá bò ó, epo náà ló ń gba ibẹ̀ wọlé, ta ló máa mọ̀? Bí epo bá ti wálẹ̀ kọjá ibẹ̀, afẹ́fẹ́ ló ń fà, ẹ́ńjìnnì a sì kú. Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gba ibẹ̀.

Lára ọ̀pọ̀ táńkì tí wọ́n kàn mọ́ inú ọkọ̀, òkè ni epo ti ń jáde, kì í ṣe ìsàlẹ̀. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló gba òkè wọ inú táńkì, ó sọ̀kalẹ̀ títí ó fi ku nǹkan bíi mílímítà 25 kó kanlẹ̀, kó má baà máa fa omi àti ìdọ̀tí tó sùn sísàlẹ̀. Òun ni mò ń pè ní páìpù ìfapo. Fítíìnì tó wà lórí rẹ̀ ló so ó mọ́ rọ́bà epo tó ń lọ sí ẹ́ńjìnnì. Wọ́n sì sábà máa ń fi fáàfù kékeré kan sí ojú ibẹ̀. Bọ́ọ̀lù kan àti sípíríìnì ló wà nínú rẹ̀: bí ẹ́ńjìnnì bá ń fa epo, bọ́ọ̀lù á yẹra, bí kò bá fà mọ́, á padà wá dí ojú ọ̀nà. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é ni pé bí rọ́bà bá já níbi tó rẹlẹ̀ ju táńkì lọ, epo táńkì lè máa ṣàn fúnra rẹ̀ sínú ikùn ọkọ̀ títí yóò fi tán. Ẹ jẹ́ ká pè é ní fáàfù adápodúró.

Ohun kan wà tó yẹ kó yé wa kí a tó fọwọ́ kan sípánà. Níbi tí pọ́ńpù ti ń ti epo lọ síwájú, bí nǹkan bá jò, ẹ ó fojú rí epo. Níbi tí ó ti ń fà á, láti táńkì títí dé ọ̀dọ̀ pọ́ńpù, ihò lè wà níbẹ̀ tí ẹ̀kán epo kan ò ní jáde. Afẹ́fẹ́ ló ń wọlé. Nítorí náà, pé fítíìnì gbẹ kò túmọ̀ sí pé ó dára. Èyí tó gbẹ jù ló tàn mí jẹ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ibẹ̀ ni ẹjọ́ wà

Bí ọkọ̀ yín bá ní rọ́bà roboto tí a ń fi ọwọ́ fún kí epo lè dé ẹ́ńjìnnì, ẹ wò ó nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń kú lọ. Bí rọ́bà ìfún yìí bá fún pọ̀, tó rí pẹlẹbẹ, nǹkan ló dí ọ̀nà láàárín òun àti táńkì: bóyá bọ́ọ̀lù fáàfù ló lẹ̀, bóyá ìdọ̀tí ló dí ẹnu páìpù, bóyá inú rọ́bà epo ló ti ṣí, tó ń ká wọ inú ara rẹ̀ nígbà tí a bá ń fà á. Bí rọ́bà ìfún ò bá le rárá bó ti wù kí ẹ fún un tó, afẹ́fẹ́ ń wọlé níbìkan, tàbí kó jẹ́ pé fáàfù inú rọ́bà náà ló ti bàjẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣí ìdérí ibi tí a ń rọ epo sí, kí ẹ tún wa ọkọ̀ náà wò. Bí ara ẹ́ńjìnnì bá yá lójijì, páìpù ìmí táńkì, èyí tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé rọ́pò epo tó ń jáde, ló dí, ẹ má tú ohunkóhun. Kòkòrò fẹ́ràn láti kọ́ ilé sẹ́nu páìpù ìmí.

Bí ìyẹn ò bá ràn án, ẹ wá táńkì kékeré tó ṣeé gbé, kí ẹ so rọ́bà ẹ́ńjìnnì mọ́ ọn, kí ẹ gbé e síbi gbangba lókè, kì í ṣe nínú ikùn ọkọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá sáré dáadáa pẹ̀lú rẹ̀ nígbà tó bá ń ti ọkọ̀ lọ tagbára-tagbára, ẹ ti dá ẹ́ńjìnnì láre. Ó ku táńkì àti ohun tó wà lórí rẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni rọ́bà tí a ń rí inú rẹ̀. Ẹ gé díẹ̀, kí ẹ fi sáàárín táńkì àti fílítà, kí ẹ sì máa wo epo bó ti ń kọjá. Bí ẹ bá rí ìfófòó tó ń tẹ̀ léra wọn, afẹ́fẹ́ ń wọlé láti ẹ̀yìn ibẹ̀. Bí ẹ bá fura sí ojú ìdè kan, ẹ fi gírísì tó nípọn pa á yí ká. Bí ìfófòó bá dúró, ẹ ti mú olè náà. Bí gírísì kò bá yí nǹkan kan padà lójú ìdè kankan, inú táńkì ni ìsán wà, lára páìpù fúnra rẹ̀. Ìdánwò nìkan ni rọ́bà yìí wà fún o. Kò lè fara da epo àti ooru pẹ́, ẹ ò sì gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Bẹntiróòlù máa ń di oru tó lè gbiná kódà nígbà tí òtútù bá mú gan-an, títí dé nǹkan bíi 43 sísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Oru náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìyẹn ni pé kì í fò lọ. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló máa ń lọ jókòó sí. Bí ó bá sì ti tó nǹkan bíi 1.4 nínú 100 afẹ́fẹ́ ibẹ̀, ìṣáná ẹyọ kan ti tó.

Ẹ ṣí gbogbo ìdérí kí atẹ́gùn lè fẹ́ kọjá. Ẹ yọ okùn òdì bátìrì, ẹ yọ ohun tó ń gba iná sí bátìrì pẹ̀lú. Kí ohun èlò tó ń pa iná epo wà níbi tí ọwọ́ yín lè tó, kì í ṣe lódìkejì ọkọ̀. Ẹ má lo ẹ̀rọ ìlu oníná, ọwọ́ ni kí ẹ fi ṣe gbogbo rẹ̀. Wẹ́dà tàbí iná gáàsì ò gbọdọ̀ sún mọ́ táńkì yìí láéláé, kódà bí ẹ bá fọ̀ ọ́.

Àwọn kan máa ń rò pé dandan ni kí wọ́n fa epo tán kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ lórí táńkì. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀. Táńkì tó ṣófo kún fún oru, oru yìí sì ni ewu. Fún iṣẹ́ orí táńkì, ohun tí ẹ nílò ni pé kó má kún dé ẹnu, kí epo má baà tú jáde nígbà tí ẹ bá ń fa páìpù.

Títú u

Ẹ fọ òkè táńkì mọ́ kí ẹ tó ṣí ohunkóhun. Iyanrìn tó bá bọ́ sínú rẹ̀ lónìí ni yóò dí yín lọ́nà lọ́la. Ẹ ya fọ́tò gbogbo rọ́bà bó ti wà, lẹ́yìn náà ẹ gbé fóònù yín lọ síbòmíràn. Ẹ fi àmì sí èyí tó jẹ́ ti ìmí, ti ìrọpo, ti ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá jẹ́ dísẹ́ẹ̀lì, ẹ ó rí èyí tó ń dá epo padà sínú táńkì pẹ̀lú, wọ́n sì lè jọra bí ìbejì. Bí táńkì bá jẹ́ ti irin, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sábà máa ń wà lára ìdérí tó so ó mọ́ ilẹ̀ iná ọkọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní earth. Ẹ má jẹ́ kó sọnù, ẹ má sì gbàgbé láti dá a padà.

Rọ́bà tó ti pẹ́ lórí fítíìnì máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má yí i tipátipá. Ẹ fi abẹ là á gbọọrọ láti ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n kí abẹ má kan eyín fítíìnì náà, ìyẹn àwọn òrùka tó yọ sókè yí ẹnu rẹ̀ ká láti di rọ́bà mú, torí pé ìlà kan ṣoṣo tí abẹ bá fà sára ẹnu eléyín yẹn lè máa gba afẹ́fẹ́ wọlé títí ayé. Rọ́bà tuntun lẹ máa lò lọ́nàkọnà.

Sípánà méjì ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Ọ̀kan á di ìsàlẹ̀ mú, èyí tó jẹ́ ti táńkì. Èkejì á yí fítíìnì. Ẹni tó bá lo ẹyọ kan ló máa ń ya ojú táńkì, tàbí tó máa ń yí gbogbo rẹ̀ pọ̀ títí páìpù inú yóò fi ká. Lára táńkì oníke, idẹ tí wọ́n sin sínú ike ló ní tẹ́rẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ìlà wínníwínní bíi ti sukúrù tí fítíìnì ń yí wọ̀. Bí idẹ náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí tẹ̀lé fítíìnì, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, torí pé bó bá ti tú kúrò nínú ike, táńkì náà ti bàjẹ́ nìyẹn.

Bí fítíìnì bá ti lẹ̀, ẹ ta epo atúpatà sí i, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Kí ẹ tó tú u, ẹ kọ́kọ́ fún un mọ́lẹ̀ díẹ̀ kékeré. Ìyẹn ló máa ń já ìpatà, lẹ́yìn náà á gbà. Bí ó bá wá ṣẹ́ sínú ihò ńkọ́? Ẹ wo bóyá orí àwo kan tí a fi sukúrù dè mọ́ táńkì ni fítíìnì náà jókòó sí. Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, ẹ yọ gbogbo àwo náà, kí ẹ dí ihò tó ṣí sílẹ̀, kí ẹ sì gbé àwo lọ sórí tábìlì tó jìnnà sí ọkọ̀. Ibẹ̀ lẹ lè ti bá a jà bó bá ṣe wù yín. Bí kò bá ní àwo, irin tí a fi ń yọ sukúrù tó ṣẹ́ ni, ọwọ́ ni kí ẹ sì fi yí i, kí ẹ fi gírísì pa á dáadáa kí èérún irin lè lẹ̀ mọ́ ọn dípò kó bọ́ sínú epo.

Páìpù fúnra rẹ̀

Ẹ fà á síta jẹ́ẹ́jẹ́, kí ẹ fi àkísà nu epo rẹ̀, kí ẹ sì fi í sí gbangba títí yóò fi gbẹ. Ẹ wá ìsán, pàápàá níbi tí páìpù ti pàdé fítíìnì, torí pé ibẹ̀ ni gbígbọ̀n ọkọ̀ ti ń fìyà jẹ ẹ́ jù. Ẹ wá ìyẹ̀fun funfun lára alumíníọ̀mù, àmì pé ó ń jẹra nìyẹn. Ike tó ti yi padà di líle gan-gan, tó ń ró bí èèpo ẹyin bí ẹ bá kàn án, kò yẹ kó padà sínú táńkì.

Ojú lè má rí ìsán. Ẹ dí ìsàlẹ̀ páìpù, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú omi, kí ẹ fi pọ́ńpù ọwọ́ fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ wọ òkè rẹ̀. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ o. Ibi tí ìfófòó bá ti jáde ni.

Àwọn páìpù kan ní asẹ́ wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀. Èrò tèmi ni pé kí ẹ yọ ọ́ dànù, bí ọkọ̀ yín bá ní fílítà gidi níta, irú èyí tó ń ya omi kúrò lára epo. Fílítà tó wà níta, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ ó fi pààrọ̀ rẹ̀. Asẹ́ tó wà nínú táńkì ò ṣeé fọ̀ láàárín omi. Àwọn kan ò gbà pẹ̀lú mi lórí èyí, wọ́n ní ìdọ̀tí ńlá lè há sínú fáàfù. Ó lè ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo ti rí asẹ́ tó dí ju fáàfù tó há lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ gé páìpù tuntun, ẹ má fi ti àtijọ́ wọn gígùn rẹ̀, ó lè ti já níbìkan. Ẹ ki igi tó mọ́ bọ ihò títí yóò fi kanlẹ̀, kí ẹ sàmì sí i, kí ẹ yọ mílímítà 25 kúrò. Ẹ gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ dàgẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí a gé ìkọ̀wé oníparun, kó má baà lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ táńkì bí nǹkan bá sún un. Kí ẹ sì fi fáìlì ha ẹnu rẹ̀ kó dán.

Idẹ àti alumíníọ̀mù kì í gbé pọ̀ ní àlàáfíà. Bí omi iyọ̀ bá ti kàn wọ́n pa pọ̀, alumíníọ̀mù ni yóò jẹra. Nítorí náà, bí táńkì yín bá jẹ́ alumíníọ̀mù, tí fítíìnì tí ẹ ní sì jẹ́ idẹ, ẹ fi ìsopọ̀ sítéńlẹ́ẹ̀sì sáàárín wọn. Bí ó bá jẹ́ ike ni ẹ fẹ́ lò fún páìpù, ẹ rí i dájú pé irú èyí tó lè gba epo tí wọ́n po ọtí ẹ́tánọ́ọ̀lù mọ́ ni.

Tẹ́rẹ́ẹ̀dì, níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà

Tẹ́rẹ́ẹ̀dì fítíìnì wọ̀nyí kì í sábà gún régé. Orí rẹ̀ kéré ju ìdí rẹ̀ lọ, bí ó bá sì ti ń wọlé ló ń há. Irú ti Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní NPT ló wọ́pọ̀, ìwọ̀n 1/4 tàbí 3/8, orúkọ ìwọ̀n lásán ni, kì í ṣe ìbú rẹ̀ gan-an. Méjèèjì ní eyín tẹ́rẹ́ẹ̀dì 18 nínú ìǹṣì kan, nítorí náà kíka eyín ò ní sọ èwo ni èwo fún yín. Ẹ wọn ìbú rẹ̀: 1/4 fẹ̀ tó nǹkan bíi mílímítà 13.7, 3/8 fẹ̀ tó 17.1. Irú ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, BSP, eyín 19 ló ní nínú ìǹṣì kan fún ìwọ̀n méjèèjì yìí. Ẹ rí ewu tó wà níbẹ̀? Ọ̀kan yóò wọ inú èkejì bíi yíyí méjì tàbí mẹ́ta, ẹ ó rò pé ó ti bá a mu, lẹ́yìn náà á há, á sì ba tẹ́rẹ́ẹ̀dì táńkì jẹ́. Bí fítíìnì tuntun bá há kíákíá, ẹ yọ ọ́, ẹ má fi sípánà bá a jà.

Ẹ fi gọ́ọ̀mù tẹ́rẹ́ẹ̀dì tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé ó lè gba epo pa á. Ẹ jẹ́ kí eyín tẹ́rẹ́ẹ̀dì méjì àkọ́kọ́ gbẹ, kí gọ́ọ̀mù má baà wọnú epo. Mi ò kì í lo téèpù funfun tí àwọn oníṣẹ́ omi ẹ̀rọ ń lò. Bó bá já wẹ́wẹ́, abẹ́ bọ́ọ̀lù fáàfù ló máa ń sá lọ, ẹ ó sì tún padà sídìí wàhálà tí ẹ ti ń bọ̀.

Ẹ fi ọwọ́ yí i títí kò fi ní lọ mọ́, lẹ́yìn náà ẹ fi sípánà yí i ní ìgbà kan ààbọ̀ sí méjì. Bí fítíìnì bá tẹ̀ bí ìgúnpá, tí ẹ fẹ́ kó kọjú síbìkan, iwájú nìkan ni kí ẹ yí i sí. Ẹni tó bá yí i kọjá, tó wá dá a padà díẹ̀ kó lè kọjú síbi tó fẹ́, ti já gọ́ọ̀mù náà. Bó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ tú u, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ tún un pa.

Fáàfù adápodúró: ẹ fi igi tí orí rẹ̀ kò mú ti bọ́ọ̀lù inú rẹ̀. Ó yẹ kó lọ wẹ́rẹ́, kó sì padà wẹ́rẹ́. Bí ó bá ń lẹ̀, tàbí tí ìpatà bá wà lára sípíríìnì, ẹ ra òmíràn tó gba ìwọ̀n epo tí ẹ́ńjìnnì yín ń mu. Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń fọ́ inú rẹ̀ kúrò, wọ́n á ní ọkọ̀ ti ń sáré báyìí. Ó ń sáré lóòótọ́. Ọjọ́ tí rọ́bà bá já ni ẹ ó mọ ohun tí wọ́n yọ.

Kí ẹ tó dá a padà sínú táńkì, ẹ dè wọ́n pọ̀ lórí tábìlì, páìpù, fítíìnì àti fáàfù. Ẹ dí ìsàlẹ̀ páìpù, kí ẹ fi pọ́ńpù ọwọ́ tó ń fa atẹ́gùn, tó ní gééjì, fà á láti ẹnu eléyín. Bí abẹ́rẹ́ gééjì bá dúró síbì kan fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ó ti dára. Ìdánwò yìí ṣe pàtàkì, torí pé fífún rọ́bà ìfún lẹ́yìn tí ẹ bá ti dè é tán ò dán fítíìnì orí táńkì wò rárá. Iwájú ló ń ti epo sí.

Dídè é padà

Àwo orí táńkì nílò gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun tó jẹ́ ti epo. Gọ́ọ̀mù sílíkónì lásán kì í pẹ́ nínú bẹntiróòlù, ó máa ń wú, á sì jáde. Bí àwo náà bá jẹ́ irú èyí tó ní ihò sukúrù márùn-ún, irú ti gééjì epo, àlàfo àárín wọn kò dọ́gba. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló gbà wọlé, ẹ yí i títí yóò fi bá a mu, ẹ má lu ihò tuntun. Ẹ fún sukúrù díẹ̀díẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ kan bọ́ sí òdìkejì.

Rọ́bà epo gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọkọ̀ ojú omi, kì í ṣe ti mọ́tò. A máa ń kọ ọ́ sára rẹ̀: ẹ wá A1 tàbí A1-15, tàbí ISO 7840. Irú wọ̀nyí ti la ìdánwò iná ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ kọjá. Ẹ tì í wọlé títí yóò fi bo gbogbo eyín, kí ẹ sì fi kílíìpù sítéńlẹ́ẹ̀sì dè é lẹ́yìn eyín àkọ́kọ́. Bí ẹnu eléyín bá kúrú, kílíìpù kan ni. Èkejì á kàn bọ́ sí ìkángun fítíìnì, á sì gé rọ́bà ni. Kí rọ́bà má ká, kó má fara kan ohun tó gbóná, kó má sì máa fa fítíìnì bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n.

Bó bá jẹ́ dísẹ́ẹ̀lì, ẹ lé afẹ́fẹ́ jáde bí ìwé ẹ́ńjìnnì ṣe sọ kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì.

Dídán an wò

Ẹ fi imú gbọ́ ikùn ọkọ̀ kí ẹ tó dá bátìrì padà. Bí òórùn bẹntiróòlù bá ṣì wà, ẹ dúró. Lẹ́yìn náà, bí ọkọ̀ yín bá ní fáànù tó ń fa oru jáde nísàlẹ̀, kó ṣiṣẹ́ fún ó kéré tán ìṣẹ́jú mẹ́rin kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì.

Rọ́bà tí a ń rí inú rẹ̀ ni kí ẹ tún fi sí i. Ìfófòó díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ kò burú, èyí tó kù látìgbà títú ni. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ó yẹ kí epo mọ́ gaara.

Ẹ má rọ epo kún táńkì kí ẹ tó lọ dán an wò. Mo mọ̀ pé ọwọ́ á máa yún yín. Ṣùgbọ́n táńkì tó kún ló ń bo ìsán mọ́lẹ̀. Òun ló tàn mí jẹ lọ́jọ́sí. Epo tó kù sí nǹkan bí ìdá mẹ́rin lẹ fẹ́, kí ẹ mú epo mìíràn dání sínú kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ má jìnnà sí etídò, kí ẹ sì fi gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì sáré díẹ̀. Bí kò bá sí ìfófòó, ẹ padà wá, ẹ yọ rọ́bà ìdánwò náà, ẹ fi rọ́bà gidi sípò rẹ̀. Lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́, ẹ tún kílíìpù fún díẹ̀, torí rọ́bà tuntun máa ń jókòó. Ẹ má fọwọ́ kan fítíìnì tí ẹ ti fi gọ́ọ̀mù pa.